Ohun Tí Láníyonu Rí Lórí Yìnyín

Oòrùn ìgbà ìrúwé ti mú kí yìnyín orí òkè rọ̀ bí ẹ̀kọ nígbà tí Láníyonu àti Akínlàjà, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, dé ibì kan nísàlẹ̀ góńgó. Òfin ni pé pátákó tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín kì í rìn, àfi bí oníkálukú bá sọ ewu tó rí sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó wà nínú ẹ̀wù rẹ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ẹnì kejì má gbọ́.

Akínlàjà sọ tirẹ̀. Ó kan Láníyonu.

"Kí lo rí?" ni ẹ̀rọ inú ẹ̀wù bi í.

Láníyonu ti rí i pé yìnyín lanu gbọọrọ lókè orí wọn. Ṣùgbọ́n bùọ̀dá ti de bàtà mọ́ pátákó, ó ń rẹ́rìn-ín. Báwo ni yóò ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ pe ibi lé àna rẹ̀ lórí?

"Dáadáa ni," ló wí.

Pátákó gbà fún wọn. Akínlàjà yọ̀ lọ sísàlẹ̀, yìnyín sì ya lé e lórí.

Ẹ̀wù rẹ̀ tó dédé kún fún afẹ́fẹ́ bíi bàlúùnù ni kò jẹ́ kó kú. Nígbà tí àwọn adóòlà ẹ̀mí fà á jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Láníyonu dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò lè wo ojú rẹ̀.

Òfin tún ni pé, bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí ẹ̀rọ inú ẹ̀wù sọ ohun tí oníkálukú sọ jáde kí gbogbo wọn gbọ́. "Dáadáa ni" ló kọ́kọ́ jáde. Láníyonu ì bá wọlẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni ohùn Akínlàjà:

"Ó dà bíi pé nǹkan kan là lókè yẹn, ṣùgbọ́n ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Ohun tí àna mi bá sọ ni kí o gbà. Kò jẹ́ parọ́ fún mi."