Àjẹ́ Tó Ń Bá Òjò Wá

Bíríkìlà kan ní ìlú Lakowe ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá rẹ̀ síta nínú òjò. Wòlíì ti sọ fún un pé ìyá yìí ni àjẹ́ tó ń fi ẹ̀fọ́rí dá gbogbo ilé lóró nígbàkígbà tí òjò bá rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti dákú. Ṣèyílọ́lá, ọmọ wọn, kò sunkún mọ́.

"Ẹ tú wọn sílẹ̀, Màámi! Èmi ni kẹ́ ẹ pa!"

"Ọmọ mi, ṣílẹ̀kùn!"

Òòyì kọ́ bíríkìlà náà, ó ṣubú. Ìyá fi òkúta fọ́ fèrèsé, ó na ọwọ́ wọlé, ó ṣí ilẹ̀kùn. Ó wọ́ wọn síta lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ọmọ fi ké.

Lẹ́yìn náà ló padà wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ó sì pa jẹnẹrétọ̀ tó ń rú èéfín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí wọ́n máa ń gbé e sí kí òjò má baà pa á.