Ẹ̀rọ Tó Yára Jù ní Dopemu

Akínfẹ́nwá ń fi àwọn tó ń lọ sí káfé Ìkẹjà ṣe yẹ̀yẹ́.

"Wọ́n á jókòó ti íńtánẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń retí ẹ̀wà lórí iná."

Nílé tiẹ̀ ní Dopemu, ó ti fi kún ìrántí ẹ̀rọ tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé. Ojú ewé tó bá ti ṣí rí, ẹ̀rọ náà á tọ́jú rẹ̀ pa mọ́; bó bá tún fẹ́ wò ó, kíá ló ń yọ.

Láràárọ̀ ló ń wo ojú ewé ilé-iṣẹ́ fóònù tó kọ̀wé síṣẹ́ sí.

"Wọn ò tíì gbé orúkọ jáde." Ó pòṣé. "Ṣé wọ́n rò pé ayé ológun la ṣì wà ni?"

Catherine, ìyàwó rẹ̀, ti káfé dé.

"Bàbá Tófúnmi, orúkọ yín wà níbẹ̀. Àná ni wọ́n ní kẹ́ ẹ wá."

"Irọ́. Wá wò ó."

Kíá ni ojú ewé náà yọ. Kò sí orúkọ kankan.

"Ẹ̀rọ yín yára lóòótọ́," ni Catherine wí. "Ohun tó rí lóṣù tó kọjá ló ń sáré gbé fún yín."