Kámẹ́rà Orí Èjìká

Àlàájà Mùlíkátù ń ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ tuntun ní Ìtamágà.

Tósìn tó fẹ́ ya fídíò yọ kámẹ́rà kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

"Ṣé fóònù lo fẹ́ fi yà mí ni?"

"Ó máa ń mọ́ kedere, mà. Inú òkùnkùn nìkan ni kò ti ríran dáadáa."

"Lọ gbé ńlá wá, àbí kí n pe ẹlòmíì."

Tósìn sáré lọ sílé, ó gbé kámẹ́rà gàgàrà kan lé èjìká dé.

Àlàájà tún gèlè wé. Ó ń rẹ́rìn-ín sí gàgàrà náà bí ẹni rí ọkọ àárọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó wo fídíò tán, ó mi orí. "Ṣó o wá rí i? Kámẹ́rà gidi yàtọ̀."

"Òótọ́ ni, mà."

Ó ti pé ọdún mẹ́wàá tí gàgàrà yẹn ti kú.

Tósìn kàn tú ìfun rẹ̀ dànù nílé, ó ki kámẹ́rà kékeré yẹn sínú rẹ̀.