Ọ̀kẹ́rẹ́ Mẹ́wàá Nídìí Ọ̀pẹ

"Màmá, nọ́ńbà wo ló kẹ́yìn gbogbo nọ́ńbà?"

Dárasími, ọmọ ọdún mẹ́ta, ló béèrè bẹ́ẹ̀ nídìí oúnjẹ àárọ̀. Oyèrónkẹ́ ìyá rẹ̀ wo ọkọ rẹ̀. Olúgbénga ń kọ́ni ní ìṣirò ní Pólì Ìlaròó, àmọ́ ńṣe ló gbé tíì rẹ̀ mu.

"Àna mi, ọmọ yín ti mú yín lónìí," ni Ìyá Eggua wí, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá Eggua ló bí Oyèrónkẹ́. Ìwẹ̀ ọmọ ló bá wá lọ́dún kẹta sẹ́yìn. Ìyá ìyàwó kì í sì í fi ilé àna ṣe ilé, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lójú àwọn ẹbí ọkọ pé, "Ọjọ́ tí Dárasími bá wọ ilé ìwé ni màá padà sí Eggua." Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló kù tó ní kọ́kọ́rọ́ ilé wọn ní Eggua.

Ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tí Oyèrónkẹ́ fẹ́ kì í gba ọmọ tí kò bá lè ka ení dé ẹ̀wá. Oyèrónkẹ́ kò fi pátákó kọ́ ọmọ rẹ̀. Ìtàn ọ̀kẹ́rẹ́ mẹ́wàá tó fẹ́ gun ọ̀pẹ ló ń sọ fún un, òun àti orin rẹ̀:

"Ẹ̀rin rẹ́rìn-ín títí,
Àrún rún ẹyìn lẹ́nu,
Ẹ̀fà fa imọ̀ já,
Èje jẹun kó tó gòkè."

Bí ó bá ń wẹ ọmọ láàárọ̀, ọmọ a kà á pé. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, èje a ti sọnù.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ bó ṣe ń kà á lọ́sàn-án, Màámi?"

"Orin yẹn ni a máa ń kọ ṣáá. Èmi gan-an ti mọ̀ ọ́n."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Oyèrónkẹ́ tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó mú ọmọ lọ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ọ̀gá ilé ìwé náà, Màdáámú Jayéọlá, gbé e ka orí tábìlì.

"Àrún, ẹ̀fà, ẹ̀jọ, ẹ̀sán, ẹ̀wá!"

"Èje ńkọ́, ìyá mi?"

"Kò sí i," ni Dárasími wí. Ojú rẹ̀ kò ṣẹ́.

Màdáámú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ mú un padà wá lọ́jọ́ Ajé, lásìkò yìí kan náà. Bí èje bá tún sọnù, ọmọ ẹlòmíì ni màá gbà."

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá Eggua rọra tú ẹrù tó ti dì kalẹ̀ láti àárọ̀. "Má da ara rẹ láàmú, Oyèrónkẹ́. Ọmọ ọwọ́ ṣì ni."

"Ọmọ olùkọ́ ìṣirò!" Olúgbénga káwọ́ lérí. "Wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ ní Pólì o."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, Oyèrónkẹ́ sọ ìtàn náà nígbà mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọmọ kà á pé, láìfo ọ̀kan. Olúgbénga pàtẹ́wọ́, ti Ìyá Eggua ló dún jù. Ó dìde, ó tún di ẹrù rẹ̀.

"Ṣé ilé ń yá yín tó báyìí ni, Màámi?"

"Ilé ẹni ni ilé ẹni, ọmọ mi."

Oyèrónkẹ́ fọkàn balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ẹtì. Ó gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀ lórí ẹní bí ìṣe wọn, ó fẹ́ fìtílà pa, kò sì pẹ́ tí oorun fi gbé òun àti ọkọ rẹ̀ lọ.

Ìyá Eggua wá fi ẹnu sétí ọmọ, ó rọra ń sọ fún un, títí oorun fi gbé àwọn méjèèjì náà lọ, pé ọ̀kẹ́rẹ́ mẹ́fà gun ọ̀pẹ, ìkẹjọ tẹ̀ lé wọn, kò sì sí ẹni tó rí ìkeje rí.