Eèsún Tí Alága Wá Wò

Ẹ kú ìjókòó o, ìtàn òótọ́ ni.

Ikùn alága káńsù wa ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò létí adágún, òun náà wá tẹ̀ lé e.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá! Eèsún tẹ́ ẹ gbìn sínú irà dà, kí wọ́n yà mí ní fọ́tò níbẹ̀?"

Ìyá ẹlẹ́ja kan láàárín wọn wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Ọdún kan gbáko ló fi gbìn ín nínú ẹrẹ̀, kí ẹja lè padà wá yé ẹyin síbẹ̀.

"Àwọn ọmọ ẹ̀yìn yín ti gé e láàárọ̀."

"Gé e kẹ̀? Kí ni wọ́n fi ṣe?"

"Ẹ gbé ẹsẹ̀, alága. Wọ́n tẹ́ ẹ fún yín, kí ẹrẹ̀ má ba bàtà yín jẹ́."

Ẹ̀yin náà, ẹ kọ ti alága tiyín ránṣẹ́.