Bébà Ara Ife

Ìyá àgbà lẹ bébà tó kẹ́yìn mọ́ ara ife: agua, omi lédè Sípéènì. Lluvia, òjò, ti wà lára fèrèsé. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò gbọ́ Yorùbá, àfi Sípéènì, ń bọ̀, ìyá àgbà sì fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò bá a sọ̀rọ̀.

"Ó ku èmi nìkan tí o kò tíì lẹ bébà mọ́ lára," ọkọ rẹ̀ wí.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín, Bàbá wọn. Tó bá dé, ẹ ó dákẹ́ bí ère."

Ọmọ náà wọlé. Ìyá àgbà la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde.

"Agua?" ọkọ rẹ̀ bi ọmọ náà, ó na ife sí i.

Ọmọ náà fẹyín, ó gbà á. Ìgbà náà ni ìyá àgbà rí àtẹ́lẹwọ́ ọkọ rẹ̀: gbogbo ọ̀rọ̀ ara bébà ló fi bírò kọ síbẹ̀.