Róòsì Aláwọ̀ Kòkó

Ìbídùn olódòdó gbé róòsì méjì tí kò tíì là síwájú Mórẹ́nikéjì ìyàwó àti ìyá rẹ̀. Ọ̀kan dà bíi hóró kòkó, èkejì dà bí ògì bàbà.

“Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀,” ó ní. “Wọn kì í là fún ẹni tí kò fẹ́ràn wọn.”

Ìyá yínmú sí ti kòkó. “Èyí ti rọ jàre.”

“Mọ́mì, ẹ wò ó dáadáa,” ni Mórẹ́nikéjì wí. “ Àwọ̀ ìyá yín nìyẹn.”

Ìyá gbé e mọ́ àyà, ó rọra fi orúkọ ìyá rẹ̀ pè é: “Àwẹ̀ró.”

Òdòdó náà là wẹ́rẹ́.

Ìbídùn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dá ti ògì padà sómi.

“Ẹ bá wa wá púpọ̀ sí i,” ni ìyá wí. “Àwẹ̀ró kì í dá nìkan lọ sóde.”